Ohun Tí Wọ́n Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Barnabé

Ní Kpankou, abúlé wa nítòsí Kétu, níbi tí a ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́ tí a sì ń yan gàrí, kò sẹ́ni tó ń tètè dé bíi Victorine. Ó ní ilé ló ń sú òun. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tó ti fẹ́ Barnabé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló lóyún. Mẹ́rin bàjẹ́ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ìkarùn-ún gbó, ó bí ọmọbìnrin kan tí ètè rẹ̀ là, tí ọkàn rẹ̀ kò pé. Ọjọ́ mọ́kànlá péré lọmọ náà lò láyé.

Ìyá Barnabé kì í pariwo mọ́ ọn. Àgbo ló ń gbé wá láràárọ̀, á sì dúró títí Victorine yóò fi mu ún tán.

"Ìyàwó, inú rẹ ni kò gba ọmọ dúró," ló máa ń wí, bí ẹni ń sọ pé òjò kò rọ̀.

Victorine ń mu ún. Nígbà tó yá, kò béèrè ohun tó wà nínú ìgò mọ́.

Lẹ́yìn ikú ọmọ náà, agbẹ̀bí ọsibítù ní kí tọkọtaya lọ ṣe àyẹ̀wò ní Kútọnu. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé. Oṣù mẹ́rin kọjá kí dókítà tó pè wọ́n.

"Àwọn okùn tín-ín-tín kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní kromosómù," ni dókítà wí. "Ara wọn ni ìlànà tí ọmọ fi ń di ènìyàn wà." Ó kọjú sí Barnabé. "Ti ìyàwó yín pé. Nínú tiyín, méjì já, ègé wọn sì pààrọ̀ àyè. Kò sí èyí tó sọnù, ìdí nìyẹn tí ara yín fi le. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gba ọ̀kan láìgba èkejì, nǹkan ti lé tàbí kó ti dín lára rẹ̀."

Barnabé béèrè bóyá oògùn wà. Dókítà ní kò sí. Oyún mìíràn lè dára, ó tún lè bàjẹ́.

Victorine sọ fún mi pé òun ti rò pé inú òun á dùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé kì í ṣe òun. Oorun ló sùn nínú taksí títí wọ́n fi dé Kétu.

Barnabé fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà béèrè pé:

"Ṣé ọ̀dọ̀ mi lo ti gbé e wá?"

"Dókítà ní ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ yín, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá."

"Mẹ́ta bàjẹ́ lára mi kí n tó bí ọ," ni ìyá wí. "Ìyá bàbá rẹ kò jẹ́ kí n gbàgbé."

Kò bẹ Victorine. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, Barnabé ń rọra béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ìgbà tí wọn yóò tún gbìyànjú.

"Mo ti gbọ́," ló ń dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná."

Ó ti di ọdún kan ààbọ̀. Kò tíì sinmi tán.