Sabina Ọlápọ̀sí Kọ̀ Kí Párapọ̀ Parẹ́

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ìròyìn gba gbogbo Bàrígà pé Sabina Ọlápọ̀sí ti jẹ pátákó orúkọ àdúgbò. Pátákó irin o! Wọ́n ní ó yan án, ó bu ata sí i, ó fi omi tútù lé e. Nígbà tí ìròyìn yẹn fi dé àdúgbò Pedro, pátákó ti di méjì. Ní Fádèyí, wọ́n ní ó jẹ òpó rẹ̀ mọ́ ọn, eyín rẹ̀ kan ò sì mì.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní sáré pe ìròyìn náà ní irọ́. Ìyá Japhet là ń pè é. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sì ti ń yan ẹja létí ọ̀sà fún ogójì ọdún. Èéfín ti wọ̀ ọ́ dé egungun: bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ológbò Bàrígà ló ń tẹ̀ lé e lọ gbọ́ ìwàásù.

Párapọ̀ lorúkọ èbúté tó ti ń yan ẹja. Ìlú apẹja márùn-ún létí òkun Oǹdó ló ti bára wọn mulẹ̀ nílé, nígbà tí òkun ń gbé ilé wọn lọ: ìlú tí omi bá lé, mẹ́rin yòókù á gbà á. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn dé Bàrígà, wọ́n fi orúkọ àdéhùn náà pe èbúté. Orúkọ ọ̀hún kì í sì í jókòó lásán. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ látorí omi, tí apẹja ké "Párapọ̀ o!", gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ bá a fà á gòkè. Wọn kì í bi í pé ọmọ ìlú wo ni ẹ́. Ìyàwó kan tiẹ̀ fi ọkọ tí wọ́n jọ ń jà sílẹ̀, ó lọ fa ọkọ̀ gòkè, ó sì padà wá parí ìjà rẹ̀.

Àfi ìgbà tí ẹgbẹ́ onílé fi Samson Ikúmápàyí ṣe akọ̀wé. Samson ní orúkọ náà ń rùn bí ẹja, ó ń lé ayálégbé gidi sá. Ní Sátidé, ó ri pátákó tuntun mọ́lẹ̀: ROYAL LAGOON CLOSE. Ó ní bí òun bá ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ké Párapọ̀ mọ́, àlejò ò sì gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè yẹn, ó sáré dé ìdí àgbá tí Ìyá Japhet fi ń yan ẹja.

"Ìyá, pátákó wa dà?"

Ìyá Japhet nàka sí i. Ó fi dé ẹja kí èéfín má bàa sá. ROYAL ti dúdú kirikiri, ọ̀bọ̀kún mẹ́fà sì ń gbóná lábẹ́ LAGOON.

"Háà! Ẹ yan pátákó!"

"Ẹja ni mò ń yan. Pátákó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúlò ni."

"Màá gbé yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá o!"

"Gbé mi. Ṣùgbọ́n mo wúwo. Wàá ní láti ké Párapọ̀."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, ẹja inú ọ̀sà gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ onílé tí wọ́n pe Ìyá Japhet sí, Samson fi oyin sí ohùn. "Ìyá wa, a ti tún un rò. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé Royal. Èbúté Ọlápọ̀sí la fẹ́ kọ, orúkọ ilé ọkọ yín."

Japhet, àkọ́bí ìyá náà tó ń kan ọkọ̀, fò dìde. "Màámi, ẹ gbà á! Orúkọ wa mà ni!"

"Jókòó, Japhet. Samson, ka ohun tó o kọ."

Samson kà á: "Èbúté Ọlápọ̀sí. Ìdílé Ọlápọ̀sí ló dá a sílẹ̀ fún ìlò ara wọn. Wọ́n ń pè é ní Párapọ̀ nígbà kan rí."

"Irọ́ mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀kan náà! Kò rẹ̀ ẹ́?" Ìyá Japhet dìde, ó lọ dúró lé e lórí. "A ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Nínú ìlú márààrún, tiwa ló dé kẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń jò ni bàbá Japhet gbé dé, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló fà á gòkè. Bó bá wá di Ọlápọ̀sí, ta ló máa fa ti àwọn tó ń bọ̀? Ya ìwé yẹn."

"Ìyá, mo ti lu òǹtẹ̀ sí i..."

"Tòun ti òǹtẹ̀ ni kó o ya á."

Samson wo àwọn onílé. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Ó ya á.

"Mú òmíràn. Kọ ọ́: Párapọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀: bó o bá gbọ́ ọ, wá fà. Ẹni tó ni ín: ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ látorí omi." Ó fi ìka tó dúdú fún èéfín tẹ ìwé náà. "Má kọ ọ́ wẹ́wẹ́ o. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo sì máa gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀."