Mo ní kí Bàbá ìyàwó mi bá mi pe "ẹnu" ní Faransé

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń tẹ eléyìí. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè jókòó nínú ilé ara mi.

Bàbá ìyàwó mi wá kí wa ní Ayétòrò lónìí, láti Ìmẹ̀kọ. Tíṣà Faransé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa jáde láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n.

Ẹ sì mọ̀ pé Esperanto, èdè àtọwọ́dá tí mò ń kọ́ lórí fóònù, ti kó sí mi lórí. Bàbá ò tíì fìdí lélẹ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀:

"Bàbá, 'buŝo' ni Esperanto ń pe ẹnu. Inú Faransé yín ni wọ́n ti mú un! Ẹ bá mi pe ti Faransé, kí n ká ohùn yín sílẹ̀."

Mo na fóònù sí wọn lẹ́nu.

Bàbá gbìyànjú. Ètè wọn ò pàdé. Wọ́n tún gbìyànjú, itọ́ ń ṣàn sí wọn lágbọ̀n.

Èmi ṣì ń sọ pé, "Ẹ tún un pè, kò dún dáadáa."

Ìyàwó mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

Bàbá fi áńkáṣíìfù nu àgbọ̀n wọn. Wọ́n rọra ní, "Jọ̀ọ́, àna. Ẹnu yẹn gan-an ni ò jẹ́ kó ṣeé sọ."

Àwọn ni wọ́n tún ń bẹ̀ mí o!

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ìdajì ojú wọn ni ẹ̀rín náà dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀, kí ló tún kù tí èèyàn lè ṣe?