Káàdì Méjì Lórí Bẹ́ẹ̀dì Kan

Òórùn ísáàlì ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ọsibítù náà, kó tó di pé nọ́ọ̀sì kankan kí i. Wọ́n á dà á sínú omi láàárọ̀, omi náà á funfun bí omi ògì, wọ́n á fi fọ gbogbo ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, á sì máa ta ènìyàn nímú títí di ọ̀sán. Àmọ́ ísáàlì kò lè borí òórùn kòkó. Àsìkò kòkó ni, gbogbo ìta ilé tó yí ibẹ̀ ká ni wọ́n sá a sí, òórùn kíkan rẹ̀ a sì máa bá afẹ́fẹ́ wọlé lójú fèrèsé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì yìí pọ̀, mo máa ń bá ọ̀nà mìíràn lọ. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Ti ìjọ ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ifẹ̀, wàá kọjá Ẹgbẹ́dá díẹ̀ kó o tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà nígbà náà á mọ ibi tí mo ń wí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò pàdánù ohunkóhun.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì, mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Mọ́níyà, ìyàwó mi sì lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá mi ní abúlé wa lápá Lágelú, nítorí ìyá mi ní ọwọ́ àjèjì kọ́ ló máa kọ́kọ́ wẹ ọmọ ọmọ àwọn. Obìnrin ló bí. Ara ọmọ le koko. Ìyá rẹ̀ ni kò tíì lò ju oṣù kan lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá mi rò pé wíwú ìbímọ lásán ni, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o láràárọ̀. Nígbà tó wá di pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé ìjókòó ló ń sùn, tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dúró, wọ́n gbé e sínú lọ́rì tó ń kó kòkó, ó di ọsibítù.

Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi ìyá mi pé kí lorúkọ aláìsàn. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí nílé wa. Orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì kò já mọ́ nǹkankan lẹ́nu ìyá mi. Oríkì ni wọ́n fi ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé, mi ò sì rò pé wọ́n mọ òmíràn. Wọ́n ní, “Àṣàkẹ́ ni. Ilé Alágbẹ̀dẹ.” Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Àṣàkẹ́ Alágbẹ̀dẹ. Dókítà òyìnbó, bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára tó, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí i lára. Ó kọ oògùn oníhóró tó ń múni tọ̀ fún un. Ó ní kó má fẹnu kan iyọ̀, kó má sì mu ju ife omi méjì lọ lójúmọ́. Wọ́n sọ káàdì sínú àpótí òyìnbó, nítorí àpótí méjì ló wà níbẹ̀, dókítà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ káàdì yìí, ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì ni ìròyìn kàn mí ní Mọ́níyà. Mo wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn, mo tún wọ òmíràn, mo débẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ní mo wá wo Ìyáàfin Rúùtù, mo fi orúkọ bàbá mi tì í. Akọ̀wé mìíràn ló wà níbẹ̀ lọ́sàn-án náà, ó wo ìwé rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, ọ̀gá.” Mo nàka sójú fèrèsé wọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó fi ẹ̀yìn ti irọ̀rí, ìyá mi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. “Ta wá nìyẹn?” Ó ní bóyá wọn ò tíì kọ ọ́ ni. Inú bí mi. Mo lu tábìlì rẹ̀. Mo ní, “Kọ orúkọ rẹ̀ kó pé. Ẹrù kòkó kọ́ ni wọ́n já sílẹ̀ fún yín.” Ó mú káàdì tuntun, ó kọ ọ́, ó sì sọ ọ́ sínú àpótí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án náà, Yorùbá ẹgbẹ́ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ìyẹn fa ìpéǹpéjú ìyàwó mi wálẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ti tán lára rẹ̀ níbi ìbímọ. Kó máa jẹ ẹ̀dọ̀, kó máa jẹun dáadáa, kó máa mu nǹkan, wọ́n á sì fún un lẹ́jẹ̀ bí wọ́n bá ti rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún yan kọjá níwájú akọ̀wé bí ẹni tó ti ṣe nǹkan ńlá.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara kan sọ́nà méjì. Nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ àpótí òyìnbó, ti ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́ àpótí kejì, ẹnìkan kì í wo ti ẹnìkejì, nítorí àwọn dókítà méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni ọ̀gá ni wọ́n ń bára wọn fà. Ọ̀sán ni èmi máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹnu ìyá mi ni mo ti ń gbọ́ ti òwúrọ̀. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì á tọ́ ọbẹ̀ ìyá mi wò, á pariwo pé, “Ìyá, iyọ̀ rèé! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?” Lọ́sàn-án, èkejì á ṣí abọ́ náà. “Ìyá, ọbẹ̀ wo nìyí? Kò sẹ́jẹ̀ lára ọmọ yìí, ẹ ń fún un lómi ewé! Ẹ lọ wá ẹ̀dọ̀.” Ní ọjọ́ kẹta ìyá mi gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n ká apá aṣọ wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ jà á tán láàárín ara yín. Ẹni tó bá borí, kó wá sọ iye iyọ̀ tí n ó bù.” Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá mátírọ́nì, mo to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún un: oògùn tó ń fa omi jáde láàárọ̀, ife omi tí wọ́n ń rọ̀ ọ́ pé kó mu lọ́sàn-án. Kò gbójú sókè nínú ohun tó ń kọ. Ó ní, “Tíṣà, ṣé wọ́n ń kọ́ yín níṣẹ́ dókítà pẹ̀lú àwọn ìwé yín yẹn ni?” Mo lọ bá òyìnbó ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní òun kò ní aláìsàn kankan tó ń jẹ́ Rúùtù. Mo lọ bá dókítà Yorùbá. Ó ní òun nìkan ló ń tọ́jú Rúùtù, pé bí nọ́ọ̀sì kan bá ń fún un ní oògùn òyìnbó, kí n mú orúkọ nọ́ọ̀sì náà wá. Mo wò ó pé irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, pé ìjà wọn ni wọ́n ń fi ìyàwó mi jà. Wàá rí i pé òtítọ́ ni olúkúlùkù wọn sọ fún mi, òtítọ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ dé. Mo ní kí wọ́n dúró ná, kí dókítà méjèèjì kọ́kọ́ pàdé níbi bẹ́ẹ̀dì yẹn. Dókítà Yorùbá na ìwé sí mi. “Ẹ buwọ́ lù ú, tàbí kí ẹ máa gbé e lọ sílé.” Mo wo ìyàwó mi. Ojú rẹ̀ ti wú débi pé kò jọ ara rẹ̀ mọ́. Níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Mo buwọ́ lù ú, mo sì padà sí Mọ́níyà nítorí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń múra ìdánwò.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo wọ ọkọ̀, mo dé ọsibítù kí wọ́n tó parí ilẹ̀ fífọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa débẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kejì ṣì wà lórí irin, ó ń kán sí i lápá. Nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ti kẹ̀kẹ́ oògùn wọlé, ó dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó ń pe orúkọ láti inú káàdì ọwọ́ rẹ̀. Ó pe ẹnìkan, ìyẹn dáhùn. Ó wá pè é: “Àṣàkẹ́ Alágbẹ̀dẹ!”

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ kan tó kù sókè. “Mo wà níbí, mà.”

Mo já káàdì náà gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo sáré sí tábìlì, mo tú àpótí kejì, mo fa ti Rúùtù yọ, mo to méjèèjì sílẹ̀ níwájú mátírọ́nì. Ó gbé ìka lé orí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tó wà lórí méjèèjì, ọ̀kan náà ni, ó sì jókòó. Wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, dókítà méjèèjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan, wọ́n ń fi èdè òyìnbó bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ti kún ọkàn rẹ̀ jù. Èkejì ní oògùn tó ń múni tọ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di aláìlágbára. Títí di òní mi ò mọ ẹni tó tọ̀nà nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì kò lè tọ̀nà lórí ara kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan náà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó tì í. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun nìkan ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ń gba èémí láàárín ọ̀rọ̀. “Tíṣà, orúkọ tí Ìyá fi ń pè mí ni. Kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, kí n má dáhùn?” Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kú. Ìyá mi ló di ojú rẹ̀, wọ́n sì ń pe oríkì rẹ̀ sí i létí bí ẹni pé ó máa tún jẹ́ wọn.

Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo kọ sí àwọn alágbà ìjọ náà. Mo kọ ọ̀rọ̀ mátírọ́nì bó ṣe sọ ọ́. Mo kọ ti àpótí méjì, ti ìjà ọ̀gá, ti ìwé tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù, ti nọ́ọ̀sì tí kò wo irin ẹ̀jẹ̀ kó tó ti oògùn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, èsì dé, ojú ìwé kan péré. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìwé wò. Wọ́n ní àìsàn tí Rúùtù gbé wá ló pa á. Ní ti Àṣàkẹ́, wọ́n ní ó fi ọsibítù sílẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà, àwọn kò sì mọ ibi tó wà. Nínú ìwé wọn, ìyàwó mi kan ṣì wà láàyè níbì kan, ó ń sá fún dókítà.

Mi ò jẹ́ kí ìyá mi mọ nǹkankan nípa káàdì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí ibojì, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Kí ni ó ń jẹ́ gan-an ní ṣọ́ọ̀ṣì?” Mo sọ fún wọn. Wọ́n wí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wọlé. Wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, wọn kò sì tún bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ọsibítù. Bóyá wọ́n mọ̀. Bóyá èmi náà ni mo ń pa mọ́ fún ara mi.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin dàgbà, mo fún un ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn náà kà. Mo fẹ́ kó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá rẹ̀, mo sì fẹ́ kó rí i pé bàbá rẹ̀ kò dákẹ́. Ó kà á tán, ó padà sí ojú ìwé kẹta, ó ní, “Bàbá mi, ta ló ní kí wọ́n kọ káàdì kejì?” Nínú ojú ìwé mọ́kànlá, mi ò kọ ìyẹn. Mo ní, “Èmi ni.” Kò sọ pé kí n má dá ara mi lẹ́bi. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sọ́wọ́ mi, ó sì jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́, mi ò sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú rẹ̀. Mo ṣì ń bínú sí mátírọ́nì yẹn, mo ṣì ń bínú sí dókítà méjèèjì. Mi ò fẹ́ kí ìbínú náà tán, nítorí bó bá tán, ta ni yóò rántí pé ó ṣẹlẹ̀? Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń ka àwọn tí mo ń bínú sí, mo máa ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ láàárín wọn, tó ń lu tábìlì akọ̀wé, tí kò kọ́kọ́ wọlé lọ bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo.