Orí Ẹní Ẹgbẹ́ Lẹ́tà

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò, n kò sì parí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń bọ̀ lọ́kàn mi ni mo ṣe ń gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Ṣàngó, wọ́n mú ètò tuntun wá sí ilé ìwé wa. Wọ́n ní kí a má kọ́ gbogbo ọmọ ní ohun kan náà mọ́, pé ibi tí ọmọ bá mọ̀ ọ́n dé ni kí tísà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Tísà wa yóò pe ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú, yóò na káàdì sí i pé kó kà á sókè. Ẹni tí kò mọ̀ ju a-b-d lọ yóò bọ́ sí ẹgbẹ́ lẹ́tà, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yóò lọ sí ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀, ẹni tó lè kà á tán yóò wà ní ẹgbẹ́ ìtàn. Wọn kò wo kíláàsì, wọn kò wo ọjọ́ orí.

Mo mọ̀wé kà. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì kejì, ní ìwé kíkà, tí mo ń fi èédú kọ ọ̀rọ̀ fún un sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọbìnrin kì í gbóhùn sókè níwájú àgbà, kì í sì í wo àgbà lójú. Nígbà tí tísà pè mí, mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò, mo ka káàdì náà tán, lábẹ́ ahọ́n.

"Ṣé odi ni ẹ́ ni?" ni tísà wí. "Ẹ wò ó bó ṣe ń mi ẹnu, bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Lẹ́tà. Lọ jókòó."

Àbúrò mi, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé títì, bọ́ sí ẹgbẹ́ ìtàn.

Orí ẹní lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni ẹgbẹ́ lẹ́tà ń jókòó, ọmọ kíláàsì kìíní ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ni mo ga bí òpó láàárín wọn. Tí a bá ti jáde lọ ṣeré, àwọn ọmọ kíláàsì mi á bẹ̀rẹ̀:

"Ìyá Lẹ́tà, ẹ kú ọmọ o!"

"Ìyá Lẹ́tà, ọmọ yín ń sunkún, ẹ fún un lọ́mú!"

Ó dé etígbọ̀ọ́ bàbá wa. Ó ní, "Wọ́n á tún dán ẹ wò ní Jímọ́ọ̀. Wọlái, tí o kò bá kúrò lórí ẹní yẹn, wàá fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ bá àbúrò mi tó ń ta ọṣẹ ní Ọjà Tuntun."

Ìyá wa ní, "Bàbá wọn, ó mọ̀ ọ́n o. Òun ló máa ń ka ara ìgò oògùn fún mi."

"Kó lọ kà á fún tísà."

Ní Jímọ́ọ̀, ọmọ pọ̀ nílẹ̀, agogo sì ti fẹ́ lù. Tísà ní kí àwọn ẹgbẹ́ ìtàn bá òun dán ẹgbẹ́ lẹ́tà wò. Ó na káàdì kan sí àbúrò mi: "Ìwọ, dán ẹ̀gbọ́n ẹ wò."

Inú mi dùn, nítorí n kò bẹ̀rù rẹ̀. Mo gbé orí sókè. Ohùn mi jáde. Mo ka ìlà kìíní, mo ka ìkejì.

Àbúrò mi yíjú sí tísà. "Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn. Ó ti há a sórí ni. Èmi ni mo kà á fún un lánàá."

Ẹ̀rín tún bẹ́. Tísà gba káàdì náà. "Mo ti mọ̀," ló wí.

Lójú ọ̀nà ilé, mo bi í léèrè ìdí tó fi purọ́ mọ́ mi.

"Ṣebí eré ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín àbí wọn ò rẹ́rìn-ín?"

Nígbà tí bàbá wa béèrè, ilẹ̀ ni mo ń wò. Àbúrò mi ló dáhùn: "Ó ṣì wà lórí ẹní."

"Ó ti tán nìyẹn," ni bàbá wa wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilé tó jí, kí n tó máa lọ sí Ọjà Tuntun, mo gé ìsàlẹ̀ yúnífọ́ọ̀mù mi kúrò dé ìwọ̀n àbúrò mi, mo ṣẹ́ etí rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó sùn sí.