Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Olùkọ́ Ẹṣẹ́ẹ̀kì

Òórùn epo pupa ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé wa ní Pọ́bẹ̀, kí a tó rí ilé olùkọ́ náà rárá. Àwọn obìnrin kan ń fún epo lẹ́yìn ògiri rẹ̀, èéfín ààrò wọn a sì máa gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀, níbi tí ó ti máa ń bá lọ́fínńdà olùkọ́ jà. Lọ́fínńdà kì í borí. Láràárọ̀ Sátidé ni èmi àti ọmọ mi obìnrin máa ń gun zẹ́míjàn kan ṣoṣo láti Sàkẹ́tẹ́, òun láàárín, èmi lẹ́yìn, tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Onígbóló á máa da eruku bò wá. Nígbà tí a bá fi máa sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, irun wa á ti funfun bí irun àgbàlagbà. Mo rò nígbà náà pé ó bá a mu, nítorí ibi ọgbọ́n là ń lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà. Olùkọ́ ìṣirò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló fi ìdérí ìgò kọ́ ọ ní ẹṣẹ́ẹ̀kì, ayò ọba àti ayaba tí àwọn ìbátan wa ní òdìkejì ààlà ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé olùkọ́ ìṣirò náà lọ sí àríwá, bí wọ́n ti máa ń gbé ẹni tó bá wúlò. Àmọ́ ọmọ ti mọ ayò. Ó na àbúrò bàbá rẹ̀, ó na ajíhìnrere ilé kejì, ó na bàbá mi nígbà mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ó bá sì ti borí, á fò sókè, igbe rẹ̀ á dé ojú títì. Ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ lópin ọdún ẹ̀kọ́. Ó sọ fún mi nídìí ààrò pé, "Màmá, ife yẹn, tèmi ni." N kò tíì rí ọmọ mi kó fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pinnu pé màá wá olùkọ́ gidi fún un.

Mo lọ sí yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi. Ìwé tí mo kọ jáde dá lórí bí òǹkàwé ṣe lè dá asọ̀tàn onírọ́ mọ̀. Ìwé náà nípọn. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ bí mo ṣe gọ̀ tó. Mo ṣí pọ́tábù mi, fóònù alágbèéká mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, olùkọ́ ẹṣẹ́ẹ̀kì kan ṣoṣo tó wà ní agbègbè wa sì yọ, ìràwọ̀ márùn-ún lórí rẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún ni gbogbo àwọn òbí fún un, kò sẹ́ni tó fún un ní mẹ́rin. "Ọmọ mi ti di ẹlòmíràn!" "Olùkọ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ rán." "Ẹ̀yin Mẹ́tìrì, ẹ ò ní rẹ́yìn ọmọ yín." Mo kà wọ́n títí dé ìsàlẹ̀, orí mi wú, n kò sì ṣàkíyèsí pé kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ nípa ẹṣẹ́ẹ̀kì.

Mẹ́tìrì, ìyẹn "ọ̀gá" lédè Faransé, ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin náà. Ó máa ń de táì mọ́ ọrùn pinpin lábẹ́ ooru Pọ́bẹ̀, ìwé ẹ̀rí mẹ́fà sì wà nínú gíláàsì lára ògiri rẹ̀. Mo sún mọ́ ọ̀kan lọ́jọ́ kan tó wọ ilé lọ; ti ìtọ́jú ẹni tó fara pa lójú pópó ni. Ó ní ọmọ ayò olókùúta tó ń dán, àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Oníke ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Àmọ́ kí n má parọ́, ohun tó kọ́kọ́ mú kí ó wọ̀ mí lọ́kàn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ìwà ni. "Màdáàmù, níbí yìí, ẹ̀kọ́ ilé ló ṣáájú," ni ó wí. Ọmọ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ó tó jókòó sídìí ayò. Bí ó bá fẹ́ gba ọmọ ayò ẹni tó jù ú lọ, ó gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀: "Ẹ dákun, Mẹ́tìrì, ẹ jẹ́ kí n gba ẹṣin yín." Mẹ́tìrì á wò ó, á ní, "Tún un rò dáadáa, ọmọ mi." Ọmọ á tún un rò, ẹṣin á sì wà níbi tó wà. Ní Sátidé kejì, ọmọ mi ká ọba rẹ̀ mọ́ igun, ó ti ń dìde láti fò, "Ó kú!" ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́tìrì wú ikọ́.

"Ta ló kú?"

"Ọba yín, Mẹ́tìrì."

"Ọba kì í kú nílẹ̀ Yorùbá. Ọba wàjà ni. Ta ló sì ń kéde rẹ̀? Ọmọdé ni?"

Àwa òbí tó jókòó sórí àga gbọọrọ rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Ìyàwó awakọ̀ sìmẹ́ńtì kan tó jókòó tì mí gbá mi nígbọ̀nwọ́: "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ibo lẹ tún ti máa rí èyí nílùú tí ọmọdé ń wo àgbà lójú?" Mo ní òótọ́ ni. Ọmọ mi jókòó padà. N kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Mẹ́tìrì mú pọ́tábù rẹ̀ wá bá mi, ó ti ṣí ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, Màdáàmù, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé." Ó dúró tì mí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Sọ fún mi, ìwọ, ta ni yóò tẹ ìràwọ̀ mẹ́ta níṣojú onílé, tí omi tútù tó fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo yọ pọ́tábù tèmi, mo tẹ márùn-ún. Nítorí pé mo mọ ìwé, mo tún fi Faransé tó ń dán gbinrin gbè é lẹ́sẹ̀, mo kọ nípa ìwà tútù àti ọgbọ́n àwọn baba wa. Inú mi dùn sí gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀ títí a fi délé.

Ọmọ náà kò fò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ó ń dàgbà ni.

Ní Àjàṣẹ́, ó borí ọmọbìnrin kan tó kéré sí i, ó sì borí ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Nígbà tó di ìpele kẹta, wọ́n mú un pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin gíga kan tó ń sọ èdè Gùn, tó jù ú lọ dáadáa. Mo dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta fún àwọn òbí. Olùkọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ wọn tó dúró tì mí ń mí gúlegúle: "Ó ti pa á! Ìṣísẹ̀ kan ló kù! Kí ó gba ẹṣin yẹn!" Mo rí ọmọ mi tó tẹ̀ síwájú, ó sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọmọbìnrin náà. Adájọ́ fi ìka lé ètè: wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí ayò. Ọmọ mi bá ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó tẹrí ba, ó ń dúró. Agogo tó ń ka àkókò tirẹ̀ ń lọ. Ọmọbìnrin gíga náà ń wò ó bí ẹni ń wo àlá. Agogo náà lọ títí ó fi tán, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi fìdí rẹmi.

Níta, lábẹ́ igi kan, mo bi í pé kí ló dé tí kò gba ẹṣin náà.

"Mo tọrọ rẹ̀, Màmá. Ẹ̀gbọ́n náà kò tíì dá mi lóhùn."

Inú bí mi gan-an, mo sì wá ẹni tí màá dá lẹ́bi. Mo rántí orúkọ obìnrin tó kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló rán Mẹ́tìrì. Gààrí ló ń tà lọ́jà Sàkẹ́tẹ́. Mo lọ bá a, mo bi í bí ọmọ tirẹ̀ ṣe mọ ayò náà tó.

"Ọmọ tèmi? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lọ. Ó ní oorun ń kùn òun níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, ìyá?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. "Kí ni kí n fún un? Mo bá a níbi iṣẹ́, n ò ní kí i kú iṣẹ́ ni? Ṣebí ẹ̀yin náà kọ tiyín. Wọ́n túmọ̀ Faransé yín sí mi létí, ó dùn gan-an. Òun ni mo fi ṣípẹ̀ fún ìyàwó àbúrò mi pé kó mú ọmọ rẹ̀ lọ."

Ìkíni ni gbogbo wọn ń kí ọkùnrin yẹn, èmi sì kà á sí ẹ̀rí. Tèmi ló burú jù, nítorí pé mo kọ ọ́ dáadáa. Mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ̀rọ̀ ṣókí dípò rẹ̀: ọmọ mi ń borí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kò borí mọ́. Mẹ́tìrì dá mi lóhùn kó tó di ìrọ̀lẹ́: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Màdáàmù. Àdúrà wa wà pẹ̀lú ìdílé yín." Àwọn òbí mẹ́ta tún fún un ní márùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn láti fi tù ú nínú.

Mo ra pátákó ayò kan, mo ní kí ọmọ náà kọ́ èmi náà. Ó kọ́ mi pẹ̀lú sùúrù. Lọ́jọ́ kẹta, lábẹ́ ibòòji ẹ̀yìnkùlé, mo borí rẹ̀, èmi tí ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà fò ṣì ń dàrú mọ́ mi lójú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ ti mọ̀ ọ́n gan-an."

Ọ̀rọ̀ náà dùn, bí ọ̀rọ̀ àwọn òbí ṣe dùn lójú pọ́tábù. Mo sọ fún un pé n kò mọ ayò yìí, pé òun náà mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n, kí ó tún un tò kí ó sì nà mí bí ó ti na bàbá mi. Ó wo ojú mi pẹ́, bí ẹni ń wá ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Èmi ni ìyá rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ó lè gbà mí gbọ́.