Ẹja Ò Mí

Gbogbo ẹni tó mọ Bàbá Afẹ́fẹ́, olóògbé tó ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ló mọ ìtàn iyọ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú bí iná, gbogbo ẹja tó ti ń tọ́ láti ọdún kan léfòó, wọ́n ń yanu. Baba ń fi garawa bu omi, ó ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: "Eja o mi. Tete wa."

Kò fàmì sórí ẹyọ kan. Ìyàwó rẹ̀ kà á sí "ẹja ò mì", pé wọn ò gbé oúnjẹ mì. Ó ní oúnjẹ wọn ló tẹ́. Ó gbé ìdajì àpò iyọ̀ lórí àtẹ, ó sáré dé, ó sì dà á sómi.

"Kí lo dà síbẹ̀ yẹn?"

"Iyọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò mì."

"Wọn ò mí ni mo wí! Omi tó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dínkù. Tó bá tún níyọ̀, á dínkù sí i. Oòrùn lé ìdajì jáde, ìwọ wá ń lé ìyókù."

"Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ má fàmì sí i?"

Ẹnu ń jà, ọwọ́ ń fa omi tútù láti inú kànga. Ẹja mẹ́rin péré ló kú. Wọ́n sè é jẹ, baba sì ní iyọ̀ ọbẹ̀ náà ti pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ mìíràn, àna rẹ̀ wá kí i, ooru mú. Baba yọ fáànù lójú àlejò, ó fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ sí omi.

"Àna mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lè jáde síta. Ibo lẹja fẹ́ jáde sí?"

Àti ọjọ́ iyọ̀ ló ti ń fàmì sórí gbogbo nǹkan. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "epo ti tan", á béèrè bóyá ó tán ni, àbí ó tàn.

Nígbà tí àìsàn gbé e dé ọsíbítù, nọ́ọ̀sì ní omi oníyọ̀ lòun fẹ́ fà sí i lára. Baba wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo rán wọn?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé lọ wo ẹja. Kò tíì débẹ̀ tí fóònù fi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ baba ni, àmì rẹ̀ pé pérépéré: "Mò ń mí."

Ìyẹn ni ìkẹyìn tó kọ. Bí oòrùn bá mú báyìí, ìyàwó rẹ̀ á gbé garawa, á máa da omi láti òkè, á máa ṣàárò rẹ̀. Ó ti pa ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù yẹn. Kò jẹ́ pa ìyẹn rẹ́.