Ọmọ Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Lórí Ìwé

Ní ọdún tí mo gba fọ́ọ̀mù láti lọ kọ́ ìṣègùn, ọjọ́ orí méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èkejì jẹ́ ti báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ti ilé ni orúnkún mi mọ̀, ti báǹkì ni kóòtù mọ̀.

Kì í ṣe pé irọ́ wù mí pa. Ìpolówó iṣẹ́ báǹkì náà ló ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti kàwé gboyè, kí ó ti sin ìjọba, kí ó sì ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ẹ̀kọ́ mi máa gbà ní yunifásítì, ọdún méje ni mo lò níbẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ṣú ni àwọn olùkọ́ wa ń daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ráyè wá iṣẹ́, mo ti pé méjìdínlọ́gbọ̀n. Màmá mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, pàṣán ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ pípa kò dára. Àwọn náà ló wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Túsìdeè, tí wọ́n mú Bíbélì lọ́wọ́, tí wọ́n lọ búra ní kóòtù pé ọmọ àwọn kò ju mẹ́tàlélógún lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní, "A ti yọ márùn-ún kúrò," bí ẹni tó lọ yọ eyín. Wọ́n sì wọ kíṣìnnì lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Festac tí à ń gbé kò gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀. A wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó wọlé nígbà tí wọ́n pín ilé fáwọn èèyàn lẹ́yìn àjọ̀dún ńlá tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà, èmi sì ni mo fi èédú ya ọkọ̀ òfuurufú sára ògiri pálọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Gbogbo ará kúlóòsì wa, ìyẹn àwọn tí a jọ ń gbé lójú ọ̀nà kan náà, ló mọ ìtàn ògiri yẹn, wọ́n ṣì ń fi dá mi lápàárá. Bí ẹ bá wá wo ìwé kóòtù mi dáadáa, lọ́jọ́ tí mo ba ògiri náà jẹ́, ó ku ọdún méjì kí wọ́n tó bí mi.

Ìṣègùn ni mo kọ́kọ́ béèrè nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni wọ́n fún mi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nílẹ̀ yìí: ẹ béèrè èyí tí ẹ fẹ́, wọ́n á fún yín ní èyí tó ṣẹ́kù. Mo bá ewé ṣe wàhálà fún ọdún méje, mo wá bọ́ sí báǹkì, níbi tó jẹ́ pé ewé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, oníke ni, inú ìkòkò ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́yìn gíláàsì kí n máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bú mi. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan ṣubú lulẹ̀ lórí ìlà, níwájú mi gan-an. Gbogbo wa dúró, à ń wò wọ́n. Manéjà wa ń béèrè bóyá bàbá náà ti fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó ṣubú. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ ló ya àwọn èèyàn, ó ní dókítà ni òun, ó yí bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú bọ́tìnnì ọrùn wọn, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi lajú. Mo ṣì wà lẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀rín iṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún màmá mi pé mò ń lọ kọ́ ìṣègùn. Wọ́n béèrè bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Bí mo ṣe di ọmọ lẹ́sìnnì nìyẹn. Òkè ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Agboju ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò àtiwọ yunifásítì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n ní, "Gúùdù ífínìn, mà!" Wọ́n rò pé òbí kan ló wá fẹjọ́ sùn. Olùkọ́ fíṣíìsì, tí àbúrò mi ì bá jù lọ lọ́jọ́ orí ká ní mo ní àbúrò, gbé àga tirẹ̀ fún mi. Mo ní ọmọ kíláàsì ni mí. Ó wolẹ̀ díẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," ó ní, "ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ ṣe é, àbí ẹ fẹ́ kà á sílẹ̀ fún ọmọ yín ni?"

Kò ju oṣù kan lọ tí àwọn ọmọ kíláàsì fi mọ ohun tí wọ́n lè lò mí fún. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní kó mú òbí rẹ̀ wá sí iléèwé bẹ̀ mí pé kí n wá ṣe bí àǹtí òun. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní sọ nǹkan kan, ẹ ṣáà máa mi orí." Mo lọ. Ọ̀gá iléèwé náà bá mi wí fún odidi wákàtí kan lórí bí mo ṣe ń ba ọmọ jẹ́, ó débi pé mo tọrọ àforíjì tọkàntọkàn. Nígbà tó di ìgbà àyẹ̀wò kẹ́mísìrì, ọmọ yìí kan náà wo ìwé mi kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀, ó sì fi máàkì méjì jù mí lọ.

Ní ti àwọn ará kúlóòsì, ọkọ ni wọ́n ń bá mi retí, kì í ṣe ìwé. Àǹtí tó ń gbé òdìkejì wa na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ka ọdún mẹ́fà jáde lórí ìka, ó fi ọdún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lé e, ó fi ọdún àgùnbánirọ̀ lé e, bí ẹni pé mi ò sin ìjọba rí, ó sì ṣẹ́jú sí mi. "Wò ó, nígbà tó o bá máa fi ṣe tán, ìwọ gan-an ni wọ́n máa tọ́jú." Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbàdúrà fún mi, àmọ́ àdúrà ọkọ ni wọ́n gbà.

Mo ṣe ìdánwò náà. Mo tún ṣe ìkejì, èyí tí àwọn yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lákòókò yẹn nítorí wọn ò gba èsì ti àkọ́kọ́ gbọ́. Mo họ káàdì tí wọ́n fi ń wo èsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní sáíbà kaféè kan ní Festac, iná lọ nígbà méjì kí ojú ìwé náà tó ṣí, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí, mo pariwo. Mo ti kọjá iye tí wọ́n ń fẹ́ fún ìṣègùn, mo kọjá á dáadáa. Ó wá ku kí n lọ jókòó níwájú àwọn tí yóò yẹ ìwé wa wò, kí wọ́n sì bi wá léèrè ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ orí mi gan-an ni mo fẹ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Màmá mi ló kọ̀.

"Wọn ò fẹ́ àgbàlagbà níbẹ̀. Ìwé kóòtù wà ńlẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ká fi di ẹ̀pà?"

"Mọ́mì, wọ́n á ṣírò ẹ̀."

"Dókítà ni wọ́n. Ta ní ń ṣírò?"

Mo kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní gbà mí, ìdí ẹ̀ nìyẹn, mi ò ní purọ́ lórí ìyẹn.

Màmá mi bá mi lọ. Gbogbo òbí ló bá ọmọ wọn wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì níta pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ. Nínú yàrá, èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì: alága, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí irun orí wọn dúdú ju bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi póólíṣì kùn, obìnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, àti olùkọ́ kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá, tó jókòó sápá òsì alága, tó ń wo bírò rẹ̀.

Alága gbé ìwé-ẹ̀rí gírámà mi sápá kan, wọ́n gbé ìwé kóòtù sápá kejì. Wọ́n wò mí lókè gíláàsì ojú wọn.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá lo parí gírámà."

Wọ́n fi ìka ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyẹn ni pé ọmọ ọdún márùn-ún lo wọ ibẹ̀. Ta ní ń gbé ọ lọ? Àbí ṣe ni wọ́n ń pọ̀n ọ́ lọ sí kíláàsì?"

Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín sínú ìwé rẹ̀. Màmá mi ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ, pé orí mi pé láti kékeré, àmọ́ òótọ́ ni mo sọ. Mo ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, sà. Mo dín in kù. Ẹ má bínú."

Ìwàásù wá bẹ̀rẹ̀. Alága ní irú wa ló ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́. Wọ́n ní ẹni tí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá, kó dìde nílẹ̀, kó jẹ́ kí ọmọdé jókòó. Wọ́n ní tí n bá gba àyè yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì lẹ́sìnnì, láàárín àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ tó, wọ́n béèrè ẹni tó búra.

"Màmá mi ni, sà. Wọ́n wà níta."

"Pè wọ́n wọlé. Ojú wọn ni mo fẹ́ rí."

Màmá mi wọlé, wọ́n di báàgì mú níwájú, wọ́n ti ṣe ojú ọ̀gá iléèwé. Wọ́n wo alága. Wọ́n tún wò ó. Ojú ọ̀gá iléèwé yẹn bá yọ́ kúrò, wọ́n sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Hàà! Ẹ̀gbọ́n wa! Ẹ̀yin nìyí?"

"Màdáámù, mi ò mọ̀ yín."

"Ẹ ò lè mọ̀ mí, sà, ọmọdé ni mí! Fọ́ọ̀mù wáànù ni mo wà ní gírámà, ẹ̀yin wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pín ẹ̀wà fún wa ní gbọ̀ngàn ìjẹun. Ẹ ti ń fá irùngbọ̀n nígbà yẹn!" Wọ́n yíjú sí àwọn méjì yòókù, inú wọn ń dùn. "Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe tọ́jú wọn, irun kan ò funfun. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò wọn pátápátá, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti fẹ̀yìntì."

Obìnrin náà dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. Olùkọ́ tó ń wo bírò gbójú sókè, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọdún mẹ́rin, mà?"

"Ọdún mẹ́rin gbáko, sà. Mo pé ọgọ́ta, wọ́n ní ó tó. Ti ẹ̀yin yunifásítì ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó lẹ máa ń pé kí ẹ tó fẹ̀yìntì?"

"Márùndínláàádọ́rin, mà," ni ó wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀. Ó sì kọ nǹkan kékeré kan sílẹ̀.

Alága ní kí àwa méjèèjì máa lọ. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Níta, màmá mi dì mọ́ mi. "Ó ti bùṣe. Èèyàn wa ni." Wọ́n gbà pé àwọn ti fi ojúlùmọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo wò wọ́n títí láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe. Mi ò rí nǹkan kan lójú wọn, àmọ́ mo rántí pé ojú yẹn náà ni wọ́n fi búra.

Nígbà tí orúkọ àwọn tó wọlé jáde, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Mo lọ sunkún ní ilé ìtọ̀ báǹkì, mo nu ojú mi, mo padà lọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ méjìlélọ́gbọ̀n sínú fọ́ọ̀mù, màmá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti rẹ̀ mí gan-an lọ́dún náà, mi ò kàwé tó bó ṣe yẹ. Mo lọ jókòó níwájú wọn, èmi nìkan. Irun dúdú yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan lórí ìlà ní wọ́n ti fẹ̀yìntì lójijì, láìṣe àpèjẹ. Olùkọ́ tó ń wo bírò nígbà yẹn ló wà lórí àga alága, ó wọ aṣọ kóòtù tuntun.

Ó ṣí ìwé mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Méjìlélọ́gbọ̀n. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo ti ka gbogbo egungun ara sórí nítorí ọjọ́ náà. Kò béèrè ẹyọ kan.

"Mọ́mì ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ bá mi kí wọn gan-an ni."

Orúkọ mi jáde. Màmá mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òótọ́ ló gba ọmọ àwọn là, gbogbo ìjọ ní haleluyà, àwọn ará kúlóòsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní dókítà láti ọjọ́ náà. Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ́ èsì ìdánwò ọdún méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Máàkì ọdún tí wọ́n dá mi padà fi mẹ́rin ju ti ọdún tí wọ́n gbà mí lọ.